Èèwọ̀ Igogo ní Ilé Búrẹ́dì Elegbeka

Ọdún Igogo ti wọlé ní Ọ̀wọ̀. Obìnrin kì í wé gèlè nígboro, ọkùnrin kì í dé fìlà, Ọmọ́yẹlé kò sì rí ìdí tí òun yóò fi bo orí níbi iṣẹ́. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Elegbeka, níbi tí ó ti ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì láti ọdún mẹ́fà. Ó fojú fo nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń bo irun, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Jonah, ọmọ Ọ̀wọ̀ bíi tirẹ̀, wà nídìí ààrò; òun náà kò bo orí.

Máníjà, Ọ̀gbẹ́ni Sylvanus, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó pe Ọmọ́yẹlé.

"Ìyá Gbọ́lá, nẹ́ẹ̀tì ń kọ́?"

"Ẹ má bínú, sà. Igogo la wà. A kì í bo orí."

"Ẹni tó ra búrẹ́dì kò bèèrè Igogo. Irun ni kò fẹ́ bá nínú rẹ̀. Ìwọ àti Jonah, ẹ máa lọ sílé. Ẹ padà wá lọ́la, kí n gbọ́ tẹnu yín."

Jonah padà lọ lọ́jọ́ kejì, ó ṣàlàyé, ó sì bo orí. Ọmọ́yẹlé kò lọ. "Kí n lọ bẹ̀ ẹ́ nítorí àṣà baba mi?" Ó jókòó sílé títí ọdún Igogo fi parí. Nígbà tí ó padà, máníjà ní kí ó máa lọ pátápátá. Naimat, òṣìṣẹ́ tuntun, ti gba ipò rẹ̀.

Ó gba ilé Abigail lọ, àbúrò ìyá rẹ̀ tí í ṣe agbẹjọ́rò ní Ọ̀wọ̀.

"Àǹtí, wọ́n yà mí sọ́tọ̀ torí pé ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí."

"Ọmọ ibo ni Jonah?"

"Ọ̀wọ̀ náà ni. Wọn ò lé òun, torí pé ọkùnrin ni."

"Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ohun tí wọ́n ṣe fún ẹlòmíràn tó ṣe bíi tìrẹ ni ilé ẹjọ́ máa kọ́kọ́ wádìí. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹ wá ṣàlàyé, ta ló lọ?"

Ọmọ́yẹlé wo ilẹ̀. "Jonah ni."

"Ó tán. Òfin kò fẹ́ kí wọ́n rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ nítorí ìlú rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí pé ó jẹ́ obìnrin. Òfin mìíràn sì wà fún aláàbọ̀ ara àti ẹni tó ní kòkòrò HIV. Ṣùgbọ́n ìlànà ìmọ́tótó tó kan gbogbo yín kì í ṣe ìyàsọ́tọ̀. Òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wa gan-an, ohun tí ìjọba bá ṣe ló dojú kọ jù. Kò rọrùn láti fi mú ilé iṣẹ́ aládàáni. Àti Igogo yìí, ta ló ní èèwọ̀ Ọ̀wọ̀ ń gun ọ̀kadà dé Elegbeka? Ìwọ lo gbé e lọ."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ọmọ́yẹlé, ṣùgbọ́n ó ronú jinlẹ̀. Bí òfin bá ní ibi tí ó pin sí, kí ló kù níhìn-ín fún òun?

"Àǹtí, nǹkan kan ò wá tọ́ sí mi?"

"Ṣé ó fún ọ ní ìkìlọ̀ kó tó ní kí o máa lọ?"

"Ìkìlọ̀ wo? Ẹnu ọ̀nà ló nàka sí fún mi."

"Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ tó ọdún márùn-ún, ìkìlọ̀ oṣù kan ló tọ́ sí i, tàbí owó oṣù náà, àfi tó bá hùwà tó burú débi pé wọ́n lè lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Máníjà yín lè sọ pé àìwá rẹ burú tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn la ó lọ bá a jiyàn lé."

Wọ́n lọ. Máníjà jiyàn títí, ó sì gbà láti san owó oṣù kan. Ọmọ́yẹlé bèèrè iṣẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Gbọ́lá, mo retí rẹ. Kí ni kí n wá sọ fún Naimat?"

Ọmọ́yẹlé gba owó náà, ó sì jáde. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá iṣẹ́ kiri Ọ̀wọ̀ àti Emure-Ile.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, bí wọ́n bá pè yín wá ṣàlàyé, ẹ lọ; ìbínú kò lè rojọ́ fún yín. Ẹ wádìí ibi tí ẹ̀tọ́ yín dé lọ́wọ́ agbẹjọ́rò kí ẹ tó jókòó sílé, torí ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ tó wà ní Àkúrẹ́ lè bi yín ìdí tí ẹ kò fi sọ tẹnu yín nígbà tí wọ́n pè yín.