Ohun Ìdáná Tí Kò Wúwo

Obìnrin náà ti yí oríta Pósí Ọ́fíìsì po lẹ́ẹ̀kẹta, báàgì ńlá lẹ́yìn rẹ̀, sítóófù oníkẹrosíìnì nínú báàgì.

Abdulmumini jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń wò ó. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti ń tún sítóófù ṣe níbẹ̀. Àwọn oníbàárà máa ń gbé sítóófù sókè, wọ́n á yí i wò, wọ́n á ní ó dára. Kò rí ẹni tó kọ́kọ́ gbé e rìn káàkiri rí.

Obìnrin náà padà dé. Ó sọ báàgì kalẹ̀, ó di ìbàdí mú.

"Kì í ṣe èyí," ó ní.

"Kí ló ṣe é, Hàjíà?"

"Mi ò tíì dé Mẹ́kà. Ó wúwo. Kẹrosíìnì rẹ̀ sì ti jò sára aṣọ mi. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò."

Abdulmumini kò gbóòórùn kankan ju ti kẹrosíìnì tó ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà tipẹ́. Ṣùgbọ́n ó gbà fún un.

Basheerah ni orúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni. Ní yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo òkúta nínú igbó, ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́fà. Wọ́n á fẹsẹ̀ rìn, wọ́n á pàgọ́, wọ́n á sùn síbẹ̀. Ọgbẹ́ inú ń yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ tútù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará abúlé kì í jẹ́ kí àlejò dá iná igi lásìkò ọyẹ́, torí kí igbó má baà jó. Ohun tó ń wá kò ju nǹkan tó lè gbé ẹ̀kọ gbígbóná kaná fún ẹnì kan láàárọ̀, tí kò sì ní ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn.

"Ẹ̀yìn ń dùn mí," ó ní. "Gbogbo ara ló ti rẹ̀ mí, ká má parọ́."

Abdulmumini mọ ohun tó ń sọ. Ìyàwó tirẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Búrẹ́dì àti tíì ló fi ń sùn. Ọkùnrin tó ń tún sítóófù gbogbo Ìlọrin ṣe kì í tan ti ilé ara rẹ̀.

"Ẹ padà wá lọ́jọ́ Àlàmísì," ó ní.

Ó padà wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló ń padà wá.

Wọ́n dán èyí tó ń lo gáàsì inú agolo kékeré wò. Ó fúyẹ́, iná rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n bí gáàsì bá tán, agolo náà ti di ìdọ̀tí nìyẹn, wọn kò sì rí ẹni tó ń ta òmíràn nítòsí.

"Ṣé kí n máa kọ́kọ́ lọ Èkó kí n tó lọ igbó ni?" Basheerah bi í.

Wọ́n dán ààrò onítáńganran tó ń jẹ ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ wò. Èéfín rẹ̀ lé àwọn méjèèjì jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n dúró síta, wọ́n ń nu ojú. Ẹni tó bá rí wọn á rò pé òkú ló kú fún wọn.

Níkẹyìn Abdulmumini gé agolo mílíìkì, ó lu ihò sí i lára yípo, ó da ṣípírítì sínú rẹ̀, ó ṣáná sí i. Iná búlúù yọrí jẹ́ẹ́. Nígbà tó kú tó sì tutù, ó gbé agolo náà lé Basheerah lọ́wọ́.

Basheerah fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n wò.

"Ó dà bíi pé mi ò mú nǹkan kan dání," ó ní. "Atẹ́gùn ńkọ́?"

Wọ́n gbé e lọ sórí òkè Ṣóbí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan láti lọ wo ti atẹ́gùn. Abdulmumini ní òun lòun máa gbé báàgì. Wọn kò tíì gòkè dé ìdajì tó fi jókòó.

"Kí lẹ kó sínú báàgì yìí, Máàmù?"

"Omi, àgọ́, òòlù, àti òkúta."

"Òkúta? Ẹ gbé òkúta wá sórí òkúta?"

"Kí ẹ lè mọ bó ṣe ń rí nígbà tí a bá ń bọ̀ nílé."

Abdulmumini rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ.

Lókè, atẹ́gùn pa iná náà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹrin, Abdulmumini bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú atẹ́gùn, ó fi jálámíà rẹ̀ ṣe ògiri, kò mira títí omi fi hó. Orúnkún ń ro ó. Kò sọ ọ́.

"Ẹ ò kúkú lè máa tẹ̀ lé mi lọ sígbó kẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ síwájú atẹ́gùn, Bàbá Sítóófù," Basheerah ní.

"Màá ṣe nǹkan tí yóò máa dúró síbẹ̀. Màá sì ṣe ìkòkò kékeré sí i, pẹ̀lú ìdérí."

"Mi ò fẹ́ ìdérí. Ó ń kún ẹrù."

"Ìdérí ló ń jẹ́ kí omi tètè hó."

"Ìdérí jẹ́ ti ilé," ó ní.

Wọ́n mu tíì. Basheerah ń wo ìlú nísàlẹ̀. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í, ó ní, "Ọkọ tí mo fẹ́ nígbà kan sọ pé òun ò lè bá obìnrin tó ń sùn nínú igbó gbélé. Ó ní kí n mú ọ̀kan. Mo mú ọ̀kan."

Abdulmumini bu tíì sí i fún un.

Orí òkè yẹn ni ìfẹ́ obìnrin náà ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó mọ̀. Kò sọ ọ́. Ó rò pé òun ti dàgbà, àti pé àárẹ̀ ti pọ̀ jù lára òun fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Àlàrùbá tó tẹ̀ lé e, ó parí iṣẹ́. Ó mú fóònù láti kọ̀wé sí Basheerah. Ó fẹ́ kọ sítóófù, ṣùgbọ́n kì í ṣe sítóófù nìkan mọ́: ìkòkò wà níbẹ̀, ìdérí wà níbẹ̀, páànù tó ń dí atẹ́gùn wà níbẹ̀, ìgò ṣípírítì wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ báyìí:

"E ku ise ma. Ohun idana yin ti pe. Mo n gbe e bo nile ni Satide leyin irun Alasari."

Èsì dé lọ́jọ́ kejì: "A ti gbo. A n reti yin. E ku oriire."

Ó ka oríire yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bóyá agolo mílíìkì náà dùn mọ́ ọn nínú ju bí òun ṣe rò lọ.

Kò mọ̀ pé Basheerah ti wà nínú igbó láti ọjọ́ Àtìní, àti pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló fi fóònù náà sí.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wá ilé náà rí ní àdúgbò Basin. Bàtà pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Pálọ̀ kún. Àfáà Bilal, àgbà ẹbí náà, jókòó lórí àga ńlá. Ìyá Basheerah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó fi ń lọ sí Yídì. Basheerah alára wà nítòsí ilẹ̀kùn, erùpẹ̀ igbó lẹ́sẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó wọlé. Ó ń wo gbogbo wọn bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ wá?" Hamzah, ẹ̀gbọ́n Basheerah, béèrè. "Àwọn ẹbí yín dà?"

"Èmi nìkan ti tó," Abdulmumini ní. "Kò wúwo."

Àwọn àgbà wo ara wọn.

"Ohun ìdána ni kò wúwo?" ìyá bi í.

"Bí Máàmù ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, Ìyá."

Ó tú báàgì. Ó to ẹrù rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àfáà Bilal mú agolo mílíìkì, ó yí i po, ó yọjú wo inú rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe?"

"Iná ló ń tibẹ̀ jáde, Àfáà."

Hamzah dìde. Ó na fóònù sí i. "Kí lẹ kọ síbí? Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́! Ohun ìdána yín ti pé!"

Abdulmumini wo ọ̀rọ̀ náà.

"Ohun ìdáná," ó ní. "Ohun tí wọ́n fi ń dáná."

Kò sí àmì kankan lórí ohun tó kọ. Ìyá Basheerah fa ìborùn bojú.

"Mo ti pe gbogbo ẹbí," ó ní. Ó fi oríkì Basheerah pè é: "Yéè, Àsàbí mi."

"Ìyá, ẹ ò lè dúró kí n dé ni?" Basheerah ní.

"Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti fi dúró!"

Hamzah ní ṣé wọ́n wá fi àbúrò òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Basheerah gbé ọwọ́ sókè kó dákẹ́. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Ẹ má bínú, Bàbá Sítóófù," ó ní. "Ẹ máa lọ. Ó ti rẹ̀ mí."

Abdulmumini dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti ẹsẹ̀ kan bọ bàtà. Bó bá ti èkejì bọ̀ ọ́, ó parí nìyẹn. Á padà sídìí búrẹ́dì àti tíì rẹ̀. Ó bọ́ ti àkọ́kọ́, ó padà wọlé.

"Ohun tí mo kọ, ìdáná ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe kà á yẹn, bí Basheerah bá gbà, kó rí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ má ṣàánú mi," Basheerah ní.

"Àánú kọ́. Láti orí òkè Ṣóbí ni mo ti fẹ́ràn rẹ."

Kò pè é ní ẹ̀yin. Gbogbo pálọ̀ gbọ́ ọ.

Ìyá ṣí ojú díẹ̀. "Ẹ ó sì dá a dúró sílé, àbí? Ẹ ó gbà á lọ́wọ́ igbó yìí?"

Abdulmumini wo agolo tó wà lọ́wọ́ Àfáà.

"Ìyá, bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ dá a dúró ni, ǹ bá ti ṣe é kó wúwo."

Basheerah wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, erùpẹ̀ fà gbọọrọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ bu omi wá," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá á hó."

Ó hó. Àfáà Bilal ló kọ́kọ́ mu nínú tíì náà. Ó ní ó gbóná dáadáa. Ó ní kí Abdulmumini lọ mú ẹbí rẹ̀ wá lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi fóònù kọ nǹkan kan mọ́.

Wọ́n so yìgì wọn lóṣù tó tẹ̀ lé e. Inú wọn dùn, bí inú àwọn tó ti rẹ̀ ṣe ń dùn: wọ́n jẹun, wọ́n jókòó, wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Lọ́jọ́ Àtìní kejì lẹ́yìn yìgì, ọkọ̀ yunifásítì fun fèrè níta lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Abdulmumini bá Basheerah so okùn báàgì.

"Àsàbí, má jẹ oúnjẹ tútù o."

"Mo gbọ́, olówó orí mi. Ẹ̀yin náà, ẹ dáná."

Ó wò ó títí ọkọ̀ fi kọjá. Ó padà wọ ilé ìdáná láti gbé omi kaná. Basheerah ti kó sítóófù, ìkòkò, páànù àti ìgò ṣípírítì lọ. Ìdérí ló kù lórí tábìlì.