Òdo Mẹ́ta Nínú Fóònù Ìjọba

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni irọ́ náà hàn. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ àrùn káàkiri orílẹ̀-èdè rí i pé ibà tuntun kan ń pọ̀ sí i ní gbogbo ilé ìwòsàn àdúgbò kan. Ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù, tó wà láàárín wọn, ń fi fóònù ìjọba ránṣẹ́ pé òdo ni iye aláìsàn òun, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ibà kì í sì í fo ilé kan. Wọ́n rán ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Kìígbàgbé.

Akọ̀wé ilé ìwòsàn náà ni Kìígbàgbé kọ́kọ́ bi léèrè, torí orúkọ rẹ̀ ló wà lórí òdo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ọ̀gá, èmi kọ́."

"Ta ló tún mọ nọ́ńbà àṣírí rẹ?"

Akọ̀wé nàka sí bébà kan lára ògiri. "Mo máa ń gbàgbé ni, sà."

"O wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri! Kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ ńkọ́, ṣé ẹnu ọ̀nà lo gbé e kọ́ sí?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì mí mọ́lé. Oṣù ìkúnlẹ̀ ìyàwó mi nìyí."

Nọ́ọ̀sì àgbà, tí gbogbo ayé ń pè ní Màmá, ń fọ ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Màmá, ṣé aláìsàn kankan ò wá lóòótọ́?"

"Ọmọ mi, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá."

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni."

Kìígbàgbé tún àwọn òdo náà wò. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ti kọ bí fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe tutù sí: mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́rin.

"Akọ̀wé, ṣé ìwọ lo ń kọ èyí?"

"Rárá, sà. Kì í ṣe dandan, èmi máa ń fò ó ni. Màmá nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ fìríìjì."

Kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́rùn Màmá.

"Màmá, òpùrọ́ gidi ì bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo," ni Kìígbàgbé wí jẹ́jẹ́. "Ẹ lè fi aláìsàn pamọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú abẹ́rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ejò wo ló bù yín jẹ?"

Màmá jókòó. "Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn tó kọjá, èmi náà ni mo fi orúkọ ọkọ mi ránṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ. N kò rí ojú rẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi sin ín. N kò tíì dárí jì wọ́n."

"Ta wá ni ẹ ń fi pamọ́ báyìí?"

"Ọmọ ọmọ mi. Ó wà ní yàrá mi. Márùn-ún mìíràn wà tí mò ń tọ́jú nílé wọn." Ó nu ojú. "Ara rẹ̀ ń gbóná sí i ni, ọmọ mi."

"Òdo yín ni kò jẹ́ kí oògùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Màmá."

Kìígbàgbé pe dókítà àgbà tó ń bójú tó ibà náà lórí fóònù, ó sì gbé ohùn rẹ̀ síta kí Màmá lè gbọ́. Dókítà ní bí wọ́n bá gbé ọmọ náà wá gba oògùn, ẹbí kan lè wọ aṣọ ìdáàbòbò, kó sì jókòó tì í tọ̀sán tòru.

"Akọ̀wé, máa lọ bá ìyàwó rẹ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ já bébà yẹn."

Ó gbé fóònù ìjọba fún Màmá. Màmá pa òdo rẹ́, ó kọ mẹ́fà. Ó kù kó fi ránṣẹ́, ló bá dìde.

"Ẹ ní sùúrù," ló wí, ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. "N kò tíì wo fìríìjì tòní."