Ọkùnrin Tó Wá Gbọ́ Ariwo Náà Fúnra Rẹ̀

Inú eruku ni Tinúkẹ́ ti kọ́kọ́ rí i. Alùpùpù mẹ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ ré kọjá lórí pápá eré ìje tó wà létí òkun ní Sèmè-Kpodji, iyanrìn sì dìde bí aṣọ ìkélé. Nígbà tó rọlẹ̀, ọkùnrin gíga kan ló kúnlẹ̀ níbẹ̀, tó tẹ́ etí sí ẹ́ńjìnnì bí dókítà ṣe ń tẹ́ etí sí àyà aláìsàn. Ọ́ìlì dúdú ti kùn ún dé ìgbọ̀nwọ́. Bó ṣe gbójú sókè tó rẹ́rìn-ín músẹ́, Tinúkẹ́ gbàgbé gbogbo Faransé tó ti ń há sórí bọ̀ láti ilé.

Bẹ́ẹ̀ ìjà ló bá wá. Olùkọ́ ni Tinúkẹ́ ní Akpakpa, ṣùgbọ́n ilé bàbá rẹ̀ ló fẹ̀yìn ti ògiri pápá náà. Bàbá rẹ̀, Ọládipọ̀, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ti kọ ìwé ẹ̀sùn lórí ariwo náà, ìdílé mọ́kànlélógójì sì ti buwọ́ lù ú. Ó ní kí ọmọ òun lọ fi ẹ̀dà kan lé ẹni tó ni pápá lọ́wọ́.

Ọkùnrin náà ní òun kọ́ ló ni ín. Benjamin lorúkọ òun, òun ló ń tún alùpùpù wọn ṣe, ọ̀gá òun kò sí nítòsí. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò kó tó gba ìwé náà, ó sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dúró níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ìyàwó Ọládipọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá dùbúlẹ̀, kì í rójú sùn lọ́sàn-án Sátidé àti ọjọ́ Àìkú.

"Ìyá yín nìyí?"

"Ìyá mi ni."

"Mi ò mọ bó ṣe ń dún lọ́dọ̀ yín."

"Ẹ wá gbọ́ ọ nígbà náà," ni Tinúkẹ́ wí. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ìbínú lòun sọ.

Àfi bí ọkùnrin náà ṣe wá lóòótọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bí àwọn alùpùpù ṣe ń gbéra, ó kan ilẹ̀kùn wọn, ó dọ̀bálẹ̀. Ọládipọ̀ fẹ́ lé e, ṣùgbọ́n Yéwándé, ìyá Tinúkẹ́, ní kí wọ́n fún àlejò ní àga. Wákàtí mẹ́ta ló fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ariwo náà pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tí ì bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀. Ó ń wo fèrèsé tó ń gbọ̀n, ó ń wo bí ìyá náà ṣe ń fi ìrọ̀rí bo etí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹ forí jì mí, Ìyá," ló wí. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo ń gbọ́ láti ọ̀sán."

Láti ọjọ́ náà lọ, ó di ará ilé. Á pa alùpùpù tirẹ̀ ní ìkóríta, á máa fọwọ́ tì í bọ̀. Òun àti Tinúkẹ́ a máa rìn létí òkun nírọ̀lẹ́. Tí Benjamin bá kọ Faransé ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, Tinúkẹ́ á tún un kọ, á sì fún un ní máàkì.

"Méje nínú ogún," ni Tinúkẹ́ wí lọ́jọ́ kan.

"Ó ju èyí tí mo ń gbà níléèwé ní Kétu lọ. Ẹni tó gba méje lè fẹ́ tíṣà?"

"Bó bá tún ìwé rẹ̀ kà dáadáa."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ọládipọ̀. Ó ní òun kò lè fi ọmọ òun fún ẹni tó ń jẹun látinú ìrora ìyá ọmọ náà. Tinúkẹ́ sunkún.

Kò pẹ́ tí mérì, olórí ìjọba ìlú, fi pe ìhà méjèèjì lórí ìwé ẹ̀sùn náà. Ọ̀gá pápá ní àsọdùn làwọn ará àdúgbò ń sọ, pé ìgbì òkun pàápàá ń dún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí Benjamin, tó mọ ẹ́ńjìnnì, dìde jẹ́rìí. Tinúkẹ́ kò lè wo ojú rẹ̀.

"Mo jókòó sílé wọn fún wákàtí mẹ́ta," ni Benjamin wí. "Ohun tí wọ́n kọ kò tó ohun tí mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣeé tún ṣe."

Ó ṣàlàyé pé kí wọ́n fi sàláńsà tó ń pa ohùn ẹ́ńjìnnì sí gbogbo alùpùpù, kí wọ́n mọ òkìtì yẹ̀pẹ̀ gíga sí ẹ̀bá ògiri, kí wọ́n sì fi ọjọ́ Àìkú sílẹ̀ fún ìsinmi. Mérì ti pápá náà pa títí wọn yóò fi ṣe é. Kí Benjamin tó dé ẹnu géètì, ọ̀gá rẹ̀ ti lé e níṣẹ́.

Oṣù kan kọjá, kò yọjú. Ó gba ìsọ̀ kékeré kan ní Akpakpa, ó ń tún alùpùpù àwọn sémíjàn, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà, ṣe, kò sì gbé fóònù. Tinúkẹ́ gbà pé òun ló ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ìgbà tó yá, Ọládipọ̀ fúnra rẹ̀ ló béèrè pé ọmọkùnrin yẹn dà.

Tinúkẹ́ bá a nínú ìsọ̀.

"Bàbá ní kí o wá."

"Kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n, Tinú? Mi ò níṣẹ́ gidi lọ́wọ́."

"O sọ òótọ́ nítorí ìyá mi lójú ẹni tó ń bọ́ ọ. Kí lo tún fẹ́ fi hàn wọ́n?"

Benjamin jókòó sórí táyà, ó mí kanlẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé ọ̀gá òun wá lánàá. Ọ̀gá náà ti gba gbogbo àdéhùn mérì, kò sì rí ẹlòmíràn tó lè ṣe sàláńsà náà, ó ní kí òun padà sẹ́nu iṣẹ́. Òun kò tíì dá a lóhùn, torí òun fẹ́ kọ́kọ́ gbàṣẹ lẹ́nu Yéwándé. Ó lọ gbà á nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ìyá náà ní kó lọ ṣiṣẹ́ rẹ̀, kó ṣe é dáadáa.

Sátidé tí wọ́n tún pápá ṣí ni Benjamin mú àbúrò bàbá rẹ̀ wá láti Kétu láti wá tọrọ Tinúkẹ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yan àkókò tí eré ń lọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ògiri, àwọn alùpùpù ń kùn bí ẹ̀rọ ìránṣọ inú ilé kejì. Àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí wọn lóhùn rara ni Ọládipọ̀ fi ìka kan ètè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ ọ́. Ìyá ọmọ ń sùn."

Bí wọ́n ṣe fi ohùn jẹ́jẹ́ tọrọ ìyàwó nìyẹn. Ọládipọ̀ ní òun fọwọ́ sí i, ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó bi í bóyá ó gbà. Tinúkẹ́ rò pé omijé ni yóò jáde, ẹ̀rín ló jáde.

"Mo gbà," ló wí wúyẹ́wúyẹ́.

Benjamin tẹ́ etí sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní òun kò gbọ́. Tinúkẹ́ sún mọ́ ọn, ó tún un sọ sí i létí.