Kí Fọláwẹ̀mí Jẹun Kó Tó Wọlé

Ìyá Fọláwẹ̀mí ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀ ní Àjàṣẹ́, bẹ́ẹ̀ orí ibùsùn ni a fi í sílẹ̀ sí ní Ìfọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Orí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì tó gbà wá lálejò ló jókòó sí, ó ń wo ọkọ̀ wa bí ẹni pé àwa la pẹ́. Kàkà kí ẹ̀rù bà mí, inú ló bí mi.

Kérésìmesì ọdún 1973 ni, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní Dàhòmì. Àwọn ará wa tó ń ṣòwò ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu ló pe ẹgbẹ́ akọrin wa pé ká wá kọrin ọdún fún wọn. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ìyá Tòún ni mo ń bójú tó aṣọ àti oúnjẹ, ìyẹn ni pé orí mi ni gbogbo wàhálà ń já lé. Ọ̀gá Adépọ̀jù ni olórí akọrin. Fọláwẹ̀mí ló máa dá orin ìkẹyìn kọ, nítorí kò sí ohùn bíi tirẹ̀ ní gbogbo Ìfọ̀. Ìyá rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí pé òun fẹ́ bá wa lọ gbọ́ orin yẹn, ṣùgbọ́n àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, kò sì sí àyè nínú ọkọ̀. Ọ̀gá ní kó sinmi.

Ní Ìdí-Ìrókò, àwọn aṣọ́bodè dá wa dúró títí ó fi sú wa. Ibẹ̀ ni Ìyàndá, àbúrò Ìyá Fọláwẹ̀mí, ti fi alùpùpù lé wa bá. Ó pe Ọ̀gá sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì yí padà láì kí ẹnikẹ́ni. Mo bi Ọ̀gá pé kí ló dé. Ó ní ọ̀rọ̀ ìjọ ni, ó sì gbé ojú sí fèrèsé títí a fi dé Àjàṣẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí obìnrin yìí lórí àtẹ̀gùn, mo ní ọ̀rọ̀ ti yé mi: Ìyàndá ló fi alùpùpù gbé e gba ọ̀nà oko. Mo bi í bó ṣe kọjá láìní ìwé kankan lọ́wọ́. Ó ní ọ̀nà tí òun gbà kò ní aṣọ́bodè. Fọláwẹ̀mí dì mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó rí i, ìwé orin jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyá náà kọjá wọ ṣọ́ọ̀ṣì láì kí i. Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ohun tí mo rí lọ́wọ́ ìyá yẹn kọjá àfẹnusọ. Ó ń tẹ̀lé mi kiri bí òjìji. Aṣọ rẹ̀ ń rùn káńfọ̀ tí a máa ń fi sínú àpótí. Ohùn rẹ̀ ń gba imú jáde, n kò gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ. Mo ní ọyẹ́ ló fún un ní ọ̀fìnkìn, mo fún un ní ańkáṣíìfù mi pé kó fun imú. Ó gbà á, ó ní kò tíì ṣeé fun.

Lọ́jọ́ kejì mo bá a tó ń lọ aṣọ akọrin. Aṣọ náà dán, kò sí ìhunjọ kankan lára rẹ̀. Mo ṣí áyọ́ọ̀nù láti fi èédú kún un. Kò sí èédú nínú rẹ̀, irin rẹ̀ sì tutù. Mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ náà, àfi bó tún ṣe bẹ̀rẹ̀ èyí tó ti sọ fún mi títí ó fi sú mi: "Ìyá Tòún, bí ẹ bá ń padà, rí i pé ọmọ yẹn jẹun kó tó wọlé."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo ní ṣé ebi ń pa wá ní Ìfọ̀ ni? Nígbà tó di alẹ́, ó tún sọ ọ́.

Mo lọ bá Ọ̀gá, mo sọ fún un pé ìwà rẹ̀ kò dáa, pé àgbàlagbà kì í ṣe igi tí a ó máa wò láì kí. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó rọra ní, "Ìyá Tòún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn kọrin ná."

Fọláwẹ̀mí kọ orin ìkẹyìn náà ní Kútọnu. N kò lè ṣàpèjúwe rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn gbogbo èrò, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò mira. Nígbà tí orin parí, ó wá bá mi, ohùn rẹ̀ sì já gaara, ó dùn bíi ti ọmọ rẹ̀. Ó dá ańkáṣíìfù mi padà ní kíká. Mo fi í sínú àpò pẹ̀lú ìríra. Oúnjẹ tí a kó wá ti tán, àyè ti wà nínú ọkọ̀ báyìí, mo ní kó wá jókòó. Ó ní ọ̀nà tí òun gbà wá ni òun ó gbà padà. Mo ní kó máa lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú mi.

Nígbà tí a dé Pápáàlàńtò, mo dá ọkọ̀ dúró. Kì í ṣe ìfẹ́, kí n lè bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́ ìyá yẹn nílé ni. Mo ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún Fọláwẹ̀mí. Ó ń jẹ ẹ́ lọ nígbà tí Ọ̀gá pè mí sẹ́yìn ọkọ̀. Ó ń sunkún.

Ó ní, "Ẹni tí ẹ ń bá jà látọjọ́ yìí ti kú. Bí ọkọ̀ wa ṣe ń kúrò ní Ìfọ̀ ló dákẹ́. Wọ́n ti tẹ́ ẹ kí Ìyàndá tó wá bá mi. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lẹ́nu ìrìn àjò, ìyẹn ni mo ṣe gbé e mì."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún èmi.

"Bí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú bá sọ ọ́ jáde nítòsí rẹ̀, àkúdàáyà kì í dúró. Ọmọ rẹ̀ kò sì tíì kọrin."

Mo fa ańkáṣíìfù yọ láti fi nu ojú, mo tú u. Òwú ló wà nínú rẹ̀, ìdì kékeré méjì, irú èyí tí a máa ń fi dí imú òkú. Mo tún un ká, mo sì padà sọ́dọ̀ Fọláwẹ̀mí.

Ó gbé ojú sókè, mọ́ínmọ́ín wà létè rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé màmá òun á ti délé ṣáájú wa.

Mo jókòó tì í. Mo ní kó kọ́kọ́ jẹ ẹ̀kọ tó kù.