Ikùn Ìsíátù Kò Gba Òkèlè Mọ́

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọkọ mi Àyàntúndé ṣì wà láyé. Bàbá onílé wa ní Ṣógúnlé, Ààfáà Mùnírù, ṣì wà láyé. Ìyá Àgbà Bàṣírátù, ìyá ọkọ àbúrò mi, ṣì wà láyé, ohùn rẹ̀ a sì máa dún láti ẹ̀yìnkùlé títí dé ẹnu títì. Gbogbo wọn ti lọ. Àwa díẹ̀ tó kù ló mọ̀ ọ́n bó ṣe rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ìgbà tí owó epo ń ṣàn ni, lẹ́yìn owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù. Mùktárù, ọkọ àbúrò mi Ìsíátù, ń ta sìmẹ́ńtì. Gbogbo ẹni tó ń kọ́lé ní Èjìgbò àti Ìsọlọ̀ ló ń wá a. Owó wà, oúnjẹ wà, Ìsíátù sì sanra. Nígbà yẹn, ta ni yóò sọ pé kí obìnrin má sanra? Bó bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ọkọ ń tọ́jú yín o!"

Ṣùgbọ́n àwa tá a jọ ń gbé mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa láì jókòó lágbedeméjì. Orúnkún rẹ̀ wú. Ó ní àtọ̀gbẹ, ó tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bó bá sùn, èémí rẹ̀ á dá, á tún padà wá, Mùktárù á sì máa ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Ó dín oúnjẹ kù títí, ó rìn títí, ó fọn díẹ̀, ó tún sanra padà. Dókítà wá sọ ọ́ sí i lójú pé bó bá ń lọ báyìí, kò ní rí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀.

Ni ọkọ rẹ̀ bá mú un lọ sí ìlú Ọba, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ikùn rẹ̀ lọ́hùn-ún kó lè fọn.

Ọjọ́ tó dé, gbogbo ilé jáde. Aṣọ ti ṣò lára rẹ̀. Àrìnkẹ́, tó ń gbé yàrá iwájú, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àǹtí Ìsíátù, ṣé ìlú Ọba lẹ lọ àbí ẹ̀wọ̀n?"

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìsíátù náà rẹ́rìn-ín.

"Àrìnkẹ́, inú ẹ̀wọ̀n ni mo ti ń bọ̀ lóòótọ́. Wọ́n ti tú mi sílẹ̀. Wò ó, mo gun àtẹ̀gùn yẹn láì jókòó."

Kò pẹ́ sí i ni Ìyá Àgbà Bàṣírátù dé láti Ṣakí pẹ̀lú iṣu. Bó ṣe rí ìyàwó ilé rẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí.

"Mùktárù! Kí lo fi ìyàwó mi ṣe?"

"Màmá, ara rẹ̀ yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Ara tó yá ló rí báyìí? Egungun ọrùn ni mo ń wò yìí! Ẹ gbé odó wá fún mi."

Ẹ̀yin èwe lè má mọ èyí. Nílé tiwọn ní Ṣakí, ẹni tó bá ti orí ibùsùn àìsàn dìde, ìyá ọkọ rẹ̀ ni yóò gúnyán fún un. Tó bá jẹ ẹ́, ó ti padà wálé nìyẹn. Tó bá kọ̀ ọ́, wọ́n á ní ó ń bínú sí ìyá ọkọ.

Bí odó ṣe ń dún, Ìsíátù fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn dókítà ní n kò tíì gbọdọ̀ fẹnu kan òkèlè. Omi ọbẹ̀, ẹ̀kọ tó ṣàn àti ẹyin tí a bá tẹ̀ kúnná ni wọ́n ní kí n máa jẹ, díẹ̀díẹ̀."

"Lọ sọ fún Ìyá Àgbà, kó tó pẹ́ jù."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ẹ ò rí i bí òógùn ṣe bò wọ́n nídìí odó?"

Mo lọ bá Ìyá Àgbà fúnra mi. Ó ní kí n kúrò níbẹ̀, pé ẹ̀kọ wo ló lè bọ́ àgbàlagbà yó.

Wọ́n gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kalẹ̀. Ìsíátù bù ú kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín rún un.

"Ta ló ń jẹ iyán lẹ́nu?" Ìyá Àgbà pariwo. "Ṣé eyín lo ń hù ni? Gbé e mì!"

"Ìlú Ọba ni wọ́n ti kọ́ ọ," Àrìnkẹ́ sọ láti ẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ojú ti àbúrò mi. Ó gbé e mì. Ó tún gbé òmíràn mì.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ìyàwó mi nìyẹn. Mu omi lé e."

Omi yẹn kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tó fi gbá àyà mú.

"Ó há," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó há."

Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ, òógùn bò ó, ó fẹ́ bì, kò rí i bì. Mùktárù gbé e sínú mọ́tò, ó kọrí sí ilé ìwòsàn kan ní Ìsọlọ̀. Ìyá Àgbà wọlé tọ̀ wọ́n láì wọ bàtà, iyán ṣì wà ní ìka rẹ̀. Èmi náà wọlé.

Wọ́n ti okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n rọra yọ òkèlè náà, wọ́n sì fa omi sí i lára. Lẹ́yìn náà ni Dókítà Olúbọ̀wálé, tó tọ́jú rẹ̀, jáde wá bá wa.

"Ta ló fún un ní iyán?"

Ìyá Àgbà dìde.

"Èmi ni. Ìfẹ́ ni mo fi fún un."

"Mo mọ̀, Màmá. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé." Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí àpò. "Àpòlúkù tí oúnjẹ ń lọ nínú wa nìyí. Bí a bá ń jẹun, á máa fẹ̀. Ti ìyàwó yín, wọ́n ti rán òkè rẹ̀ sọ́tọ̀. Ibi tí oúnjẹ ń wọ̀ báyìí kò ju ẹyin adìyẹ lọ. Wọ́n wá so ìfun mọ́ ọn, ojú ibi tí wọ́n so yẹn kò tóbi ju ìka yìí lọ. Òkèlè tó gbé mì ṣe bí ìdérí ìgò, ó dí i pa. Ojú abẹ inú rẹ̀ kò sì tíì jiná dáadáa. Ká ní ó já ni, oúnjẹ á dà sínú ikùn rẹ̀, a lè pàdánù rẹ̀ kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́."

Ìyá Àgbà wo ìka ara rẹ̀ tí iyán ti gbẹ mọ́.

"Kí ló máa wá máa jẹ? Ṣé ẹyẹ ni?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Á jẹ bí ẹyẹ, Màmá, ṣùgbọ́n á máa jẹ ẹ́ nígbà púpọ̀ lójúmọ́. Ẹja, ẹyin, ẹ̀wà tí a bá jọ̀ kúnná ni kó kọ́kọ́ máa jẹ, torí wọ́n ń gbé ara ró. Bí ojú abẹ bá jiná, yóò máa jẹ àwọn nǹkan míì díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rún un títí tó fi máa dà bí ẹ̀kọ. Bó bá ti yó, kó dá a dúró, ì báà ku ẹyọ kan. Kó má mu omi sórí oúnjẹ, kó jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀."

"Mínírà ẹlẹ́rìndòdò ńkọ́? Kó fi gba okun?"

"Rárá o. Ṣúgà tó pọ̀ á ya wọ ìfun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, òòyì á kọ́ ọ, á máa yàgbẹ́. Nǹkan kan tún kù. Oúnjẹ kò gba gbogbo ọ̀nà tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́, torí náà ara rẹ̀ kò lè rí gbogbo èròjà fà. Ó gbọ́dọ̀ máa lo oògùn fítámì àti oògùn ẹ̀jẹ̀, kó sì máa wá gba abẹ́rẹ́. Bí kò bá lò ó, ẹ̀jẹ̀ á tán lára rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa kú tìpìrì."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí dọjọ́ ikú, Màmá."

Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Èmi ni n óò máa rán an létí, títí dọjọ́ ikú tèmi."

Kò padà sí Ṣakí mọ́. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, á fi ṣíbí gbá ilẹ̀kùn Ìsíátù, á na oògùn sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló ń jọ ẹ̀wà. Nígbà ọdún iléyá, Àrìnkẹ́ gbé àwo fùfú wá, ó ní kí Àǹtí tọ́ ọ wò.

"Gbé e padà," Ìyá Àgbà wí. "Bó bá dùn bẹ́ẹ̀, ìwọ tí ikùn rẹ ṣì tóbi, jẹ ẹ́."

Nígbà tí ààwẹ̀ dé, tí dókítà ní kí Ìsíátù má tíì gbà á, àwọn kan ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ìyá Àgbà lọ bá Ààfáà Mùnírù. Ààfáà ní Ọlọ́run kò di ẹrù tó ju agbára aláìsàn lọ rù ú, kó máa bọ́ tálákà dípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí.

Ọdún gorí ọdún. Ara Ìsíátù mókun, àtọ̀gbẹ rẹ̀ rọlẹ̀, ó ń sùn wọra. Ó wá di ọjọ́ kan, ó ní oògùn ti sú òun.

"Màmá, ara mi ti yá. Kí ni mo tún ń lò ó fún?"

Ìyá Àgbà gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó tì í, kò jẹ́ kó jáde lọ sọ́jà.

"Mo ti fi ìfẹ́ ṣe ọ́ léṣe lẹ́ẹ̀kan rí. N kò ní ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Gbé e mì."

Ìsíátù gbé e mì.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́. Ẹ má ṣe torí pé ẹ sanra díẹ̀ kí ẹ sáré wá abẹ. Nígbà tí Àrìnkẹ́ ní òun náà fẹ́, dókítà wò ó, ó ní ara rẹ̀ le, kó lọ máa rìn. Abẹ yìí wà fún ẹni tí ọ̀rá fẹ́ pa. Ilé ìwòsàn gidi ni kí ẹ lọ. Ẹ jìnnà sí ẹni tó ń ta àgbo tàbí oògùn ìgbẹ́ tó ní òun lè fọ ọ̀rá. Bí wọ́n bá ṣe é tán, ẹ mọ̀ pé abẹ kò ṣiṣẹ́ yín parí. Ẹ̀yin lẹ máa parí rẹ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lú ẹnu yín. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ará ilé, kí ẹ tó gbé àwo síwájú ẹni tó ti ilé ìwòsàn dé, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ni wọ́n ní kó jẹ. Bó bá kọ oúnjẹ yín, kì í ṣe pé ó kọ̀ yín. Ìwọ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, má tijú. Sọ ọ́ kí odó tó dún.

Ìsíátù rí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó sì tún gbé ọmọ ọmọ pọ̀n.

Àárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Bàṣírátù máa lọ, kò lè dìde gbá ilẹ̀kùn mọ́. Gbogbo wa yí ibùsùn rẹ̀ ká. Ojú rẹ̀ ń wá ẹnì kan. Ìsíátù súnmọ́ ọn, ó tú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, ó mú oògùn jáde, ó gbé e sókè kí ìyá ọkọ rẹ̀ lè rí i.

Ohùn náà tó máa ń dé ẹnu títì ti di wúyẹ́wúyẹ́.

"Gbé e mì," ló wí.

Ìsíátù gbé e mì. Ìyá Àgbà wò ó títí oògùn náà fi lọ sílẹ̀ lọ́fun rẹ̀, lẹ́yìn náà ló di ojú.