Ìwọ̀n Tí Kò Ké

Gbàgànràn! Gbàgànràn! Bẹ́ẹ̀ ni irin ìwọ̀n ọkọ̀ ìsàlẹ̀ òkè máa ń ké láyé ọjọ́sí bí táyà bá gùn ún. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ilé bá pa rọ́rọ́, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí aránbàtà etí òkè náà kú, kò ké.

Orí àpótí ìjókòó rẹ̀ ni òkúta ká a mọ́. Bàtà kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tirélà onítáyà méjì tí ọkọ̀ kan ń fà gun òkè ló já. Ìkọ́ irin tó so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ ṣẹ́ sí méjì, tirélà fi ẹ̀yìn rìn wálẹ̀, ó wọ ìsọ̀ rẹ̀ lọ tòkúta-tòkúta.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá, Ojú-Ìwọ̀n ni àwọn awakọ̀ ń pè é. Ojú pópó ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Bó bá wo ẹrù lẹ́ẹ̀kan tó ní ó pọ̀jù, ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn. Kò sọ fún ẹni tó rán an pé awakọ̀ ọkọ̀ náà tí wọ́n ti tì mọ́lé, àbúrò òun ni, ọmọ ìyá òun.

Ó ní kí wọ́n kó òkúta náà lọ wọ̀n. Ìwọ̀n ké gbàgànràn. Òfin ní tirélà náà kò gbọdọ̀ gbé ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Òkúta náà lé ní mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ìwé ìwọ̀n àárọ̀ tó wà lápò awakọ̀ ní méjì péré ni.

Ó lọ bá a ní àtìmọ́lé.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá," ni àbúrò rẹ̀ wí. Kò dìde.

"Wọ́n ní o dúró lọ́nà, o bu òkúta kún un."

"Níbo? Ìwọ̀n sí òkè kò ju igba ìṣísẹ̀ lọ. Àbí òkúta ń fò wọ ọkọ̀ ni?"

"Ta ló di ẹrù náà?"

"Bàbá Olókùúta. Mo ní ó wúwo lójú mi. Ó ní ká jẹ́ kí ìwọ̀n sọ̀rọ̀. Ìwọ̀n sì ní ó dáa. Mo wọ̀n ọ́n, bùrọ̀dá! Láti ọdún mọ́kànlá tẹ́ ẹ ti gba ìwé ìwakọ̀ mi, tẹ́ ẹ ní ẹrù mi pọ̀jù, n kì í gbé ẹrù kọjá láìwọ̀n. Ẹ̀yin lẹ ò wọn tèmi lọ́jọ́ náà. Ojú lẹ fi wò ó."

Ojú-Ìwọ̀n ká ìwé ìwọ̀n náà sápò.

"Lọ́la ni wọ́n ń gbé mi lọ sílé ẹjọ́. Ẹ wá fi ojú yín wò mí níbẹ̀ náà."

Ìyàwó aránbàtà jókòó síwájú ìsọ̀ tó wó. Ó kọ́kọ́ ṣépè fún awakọ̀, ó ṣẹ́ ẹ fún ìyá tó bí i. Ojú-Ìwọ̀n gba èpè náà mọ́ra; ìyá tirẹ̀ náà ni.

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan kí tirélà tó já, ìyá?"

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́? Ìwọ̀n tó ń dí wa létí lójoojúmọ́, kò tiẹ̀ ké láàárọ̀ yẹn. Gbì, gbì, bí ẹni ń lu tìmùtìmù."

Ẹnu akọ̀wé ìwọ̀n mú bí abẹ. Ó ju ìwé síwájú Ojú-Ìwọ̀n.

"Ẹ kà á. Ẹ ṣáà mọ̀wé."

Ó kà á. Ìlà kan fún tirélà, ìlà kan fún ọkọ̀ tó fà á. "Màdáàmù, ìwé ọkọ̀ yìí ní tọ́ọ̀nù méjì ni lófìfo. Ọ̀kan lẹ kọ. Ṣé ọkọ̀ náà ń gbààwẹ̀ ni?"

"Ohun tí ìwọ̀n bá sọ ni mò ń kọ. Èmi kọ́ ni mo bí ọkọ̀."

"Kọ́kọ́rọ́ ihò abẹ́ ìwọ̀n ńkọ́?"

"Orí ìṣó, níta níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá wù ló lè mú un."

Ó mú un, ó sọ̀kalẹ̀ sínú ihò. Irin kan ti bó lábẹ́, ojú ibi tó bó náà ṣì ń dán. Ẹ̀rún igi há síbẹ̀, ó ní ọ̀dà pupa lára.

Ó mọ igi pupa. Gbogbo ọkọ̀ tó ń jáde láti ọgbà Bàbá Olókùúta ló ní méjì tí wọ́n fi ń há táyà kó má baà yí. Méjèèjì ti àbúrò rẹ̀ ṣì wà nínú ọkọ̀.

Ní ọgbà náà, ọkọ̀ bàbá fúnra rẹ̀ dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Igi pupa há táyà kan. Òkúta há èkejì.

"Mo mọ ẹni tí ẹ jẹ́ sí awakọ̀ yẹn," ni Bàbá Olókùúta wí. "Ẹ fẹ́ fi orí mi fọ́ àgbọn fún ọmọ ìyá yín jẹ. Èmi ò débi ìwọ̀n lọ́jọ́ náà!"

"Ẹ ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ yín, bàbá."

Igi pupa kejì wà níbẹ̀ lábẹ́ àpò, ó ti tẹ̀ pẹrẹsẹ, igun rẹ̀ kan ti ya. Ojú-Ìwọ̀n fi ẹ̀rún náà sí ojú ibi tó ya. Ó wọlé wẹ́kú, bí eyín sínú èrìgì.

"Ẹ há a sábẹ́ irin kí ọkọ̀ tó dé. Irin kò lè rì mọ́, igi ń bá a gbé ìdajì ẹrù. Ìdí nìyẹn tí kò fi ké. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi fúyẹ́ ju ara rẹ̀ lọ. Ẹ padà lọ yọ ọ́ nígbà tí ariwo ikú gba gbogbo èèyàn lọ sókè."

Bàbá Olókùúta tutọ́ sílẹ̀.

"Bí òkúta tí mo ń kó fún àwọn tó ń kọ́ afárá ò bá pé lọ́jọ́ náà, wọn ì bá gbé iṣẹ́ náà fún ọ̀tá mi. Ààyè ò sí fún ìrìn méjì. Awakọ̀ mìíràn ì bá gbé e lọ láìwọ̀n. Àbúrò yín ló ní òun ò ní í lọ, àfi kí òun wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rù yín ló ń bà á! Ta ló wá kọ́ ọ ní ẹ̀rù ọ̀hún? Kì í ṣe èmi."

Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Wọ́n tú àbúrò sílẹ̀ kí ilé ẹjọ́ tó jókòó. Ó kọjá lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni kọjá lára òpó iná.

Ojú-Ìwọ̀n kọ lẹ́tà sí i, òun fúnra rẹ̀ tún fà á ya. Ó kọ òmíràn, ó gùn, ó kún fún àlàyé. Ó fà á ya. Èyí tó wá fi ránṣẹ́ nìyí:

"Àbúrò mi, ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ìwọ̀n kò jìnnà sí wa, mi ò mú ọ débẹ̀. Ojú mi ni mo gbà gbọ́. Mi ò mọ iye tí ẹrù rẹ wọ̀n títí di òní. Má bínú. Ẹ̀gbọ́n rẹ."