Gbémisọ́lá Ń Wá ‘The’

Okun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú ìjókòó. Ọpẹ́ ni fún Olúwa tí ó jí wa lónìí, tí ó sì fún wa ní etí láti fi gbọ́ orin.

Ẹ súnmọ́ mi.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ní Kabba, Gbémisọ́lá jí. Ó mú fèrè rẹ̀.

Fí, fíí, fííì.

Àwọn adìyẹ dúró. Wọ́n na ọrùn. Gbémisọ́lá mọ fèrè í fun.

Ó lọ sí ilé-ìwé. Lọ́la, àwọn òbí ń bọ̀ wá síbẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Lẹ́yìn náà, yóò ṣe é.

“Pẹ̀lúmi, ó yá,” ni Àǹtí Monica, olùkọ́ wọn, wí.

Pẹ̀lúmi gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ mọ́ àyà. “I play football.”

“O káre. Gbémisọ́lá ńkọ́?”

“I play flute.”

Àǹtí Monica rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ọ̀rọ̀ kékeré kan sọnù níbẹ̀. ‘The’ ni. I play the flute.”

“Àǹtí, Pẹ̀lúmi kò sọ ‘the’.”

“Eré ìdárayá ni bọ́ọ̀lù, kò nílò rẹ̀. Ohun èlò orin ni fèrè. ‘The’ ni í ṣíwájú rẹ̀.”

Gbémisọ́lá ronú. “Ní èdè wa, à ń fun fèrè. À ń tẹ dùùrù. À ń ta gìtá.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ‘play’ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe gbogbo rẹ̀. I play the flute. I play the piano. I play the guitar.”

“Àǹtí, ṣé mo ṣì máa fun fèrè mi lọ́la?”

“Bí o bá sọ ọ́ láìgbàgbé ‘the’. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ó kàn bá gbogbo kíláàsì kọrin ni.”

“Màá sọ ọ́, mà.”

Lójú ọ̀nà ilé, ó gbìyànjú.

“I play flute.”

“Ó tún ti sọnù,” ni Pẹ̀lúmi wí.

“I the play flute.”

“Ó ti sáré jù.”

“I play flute the.”

“Ó ti pẹ́ dé.” Pẹ̀lúmi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

“Máa rẹ́rìn-ín,” ni Gbémisọ́lá wí. “Màá rí i.”

Nílé, ó jókòó. Ẹnu ń gbàgbé. Ìka ńkọ́? Ìka rẹ̀ kì í gbàgbé orin.

Ó fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀.

I. Fí.

Play. Fíí.

The. Fi.

Flute. Fííì.

Ó fun ún. Ó tún un fun. Nígbà kan, ó gbàgbé.

Fí, fíí... fííì.

“Gbémisọ́lá,” ni màmá rẹ̀ pè láti ilé ìdáná, “orin rẹ fò.”

“Ẹ ṣé, Màmá. ‘The’ ló fò.”

Ó fun ún títí kò fi fò mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn òbí jókòó. Gbémisọ́lá dìde. Ìka rẹ̀ rọra ń rìn lórí fèrè, kò tíì fun ún.

Fí, fíí, fi, fííì.

“I play the flute,” ni ó wí.

Àǹtí Monica mi orí pé ó káre. Gbémisọ́lá fun fèrè, gbogbo àwọn òbí sì pàtẹ́wọ́. Pàpàpà.

Inú Pẹ̀lúmi dùn púpọ̀. Ó fò dìde. “I play the football.”

“Pẹ̀lúmi,” ni Gbémisọ́lá wí, “dá ‘the’ mi padà.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ẹ kọ́ kò ní sọnù lẹ́nu yín. Níwájú ènìyàn, ojú kò ní tì yín. Olúwa yóò fi orin tuntun sí yín lẹ́nu. Àmín.